Ilé Alẹ́ Tí Bàbá Ṣógúnlé Kọ́ fún Ahun

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ bàbá àgbà mi, ààfáà tó ṣe wáàsí sọ fún gbogbo èèyàn tó jókòó sábẹ́ kánópì pé inú ìdẹ̀ra ni bàbá náà kú sí, nílé ọmọ rẹ̀ ní Ire-Akari, láàárín àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn èèyàn ṣe àmín. Dádì mi, tí í ṣe ọmọ olóògbé, fi áńkáṣíìfù nu ojú. Èmi wà lẹ́yìn ilé nídìí ẹ̀rọ omi, mo ń fọ abọ́, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ààfáà láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohun tí kò sọ ni mo fẹ́ sọ níbí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tú àṣírí ilé. Inú ló ń bí mi, mo sì wà lára àwọn tí mo ń bínú sí.

Bàbá Ṣógúnlé ni gbogbo àwa ọmọ-ọmọ ń pè é, nítorí pé Ṣógúnlé ló gbé fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, nínú yàrá kan ṣoṣo tó rẹ́ǹtì. Ẹdẹ ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ bíríkìlà ló gbé e wá sí Èkó. Nígbà tó kó wá sọ́dọ̀ wa ní Ire-Akari, ẹnikẹ́ni ò yí orúkọ náà padà, àfi bí ẹni pé gbogbo wa mọ̀ pé àlejò ni.

Èmi ni Yétúndé. Oṣù kan lẹ́yìn tí ìyá Bàbá Ṣógúnlé kú ni wọ́n bí mi. Lójú àwọn yòókù, orúkọ lásán ni. Lójú bàbá, ìyá rẹ̀ ló padà dé. "Ìyá mi" ló ń pè mí, "ẹ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ìkókó. Bí mo bá wọlé, á tún fìlà rẹ̀ ṣe. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á ní kí n dìde kíákíá, pé ta ló rí ìyá tó ń kúnlẹ̀ fún ọmọ rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo fọ́ ife tánganran tó ti ń lò láti ìgbà tó gbéyàwó. Ìyá àgbà, Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, ti mú pàṣán. Bàbá dúró sáàárín wa. "Ẹni tó bí mi ló fọ́ ọ," ó ní. "Ta ni mo fẹ́ bá jà?"

Lẹ́yìn Ọlọ́run, sìmẹ́ǹtì ló gbàgbọ́. Bó bá lọ kí èèyàn nílé, kó tó jókòó, á ti fi ìka kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì, á tẹ́tí. Lọ́jọ́ tí a lọ sílé àwọn àna àǹtí mi fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó sọ fún bàbá ọkọ ìyàwó nínú pálọ̀ rẹ̀ pé iyanrìn ti pọ̀ jù nínú ilé náà, pé òkè fèrèsé yẹn máa sán. Gbogbo mọ̀lẹ́bí wojú ara wọn. Ọdún kejì ló sán lóòótọ́, bàbá ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka hàdíìsì: "Sìmẹ́ǹtì kì í purọ́. Bí o bá ṣe pò ó ni yóò ṣe dá ọ lóhùn."

Ìjà òun àti Ìyá àgbà kò kúrò lórí sìmẹ́ǹtì yẹn. Ilẹ̀ yàrá wọn ní Ṣógúnlé rí gbágungbàgun nígbà tí wọ́n kó débẹ̀, bàbá fúnra rẹ̀ ló tún un dà, ó fi ọwọ́ rà á títí ó fi ń dán bí àwo. Ìyá àgbà ní ilẹ̀ náà ń mú òtútù, pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló ń làágùn, pé abẹ́ ẹní òun kì í gbẹ. Bàbá ní kò sí irú ẹ̀. Ó ní ó ń da omi sílẹ̀ ni. Ọdọọdún, bí òjò bá ti dé, ìjà yẹn á dé. Ìyá àgbà wúkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì kú nínú oṣù keje, nígbà tí òjò ò dá. N kì í ṣe dókítà, n ò sì sọ pé ilẹ̀ ló pa á. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí mo ká ẹní rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, abẹ́ ẹní náà ti bu funfun. Mo fi han bàbá. Ó yí ojú kúrò. "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Ìyá mi. Àmọ̀kẹ́ kì í rọra da omi."

Ibi ìkọ́lé kan ní Òkè-Àfà ló ti rí ahun rẹ̀. Òun ni fọ́ọ́mànù níbẹ̀. Àwọn lébìrà ń ṣán igbó kí wọ́n lè gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n bá ahun kan níbẹ̀ tí kò ju abọ́ ọbẹ̀ lọ. Wọ́n ti ń wá ìkòkò. Bàbá gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ṣé bàbá fẹ́ dá a jẹ ni. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní ilẹ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà gan-an ò débẹ̀ rí. Ahun yìí nìkan ni wọ́n bá nílé. "Ẹ kì í pa láńlọ́ọ̀dù tí ẹ bá lórí ilẹ̀ ẹ̀." Bó ṣe di Láńlọ́ọ̀dù nìyẹn. Ó gbé e lọ sí Ṣógúnlé, inú báàfù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn, Ìyá àgbà sì ń fún un ní èèpo ìbẹ́pẹ, ó ń ṣe bí ẹni pé òun ò fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá àgbà kú, tí eékún bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, Dádì lọ kó o wá sí Ire-Akari. Yàrá márùn-ún ló wà nínú ilé wa. Bàbá Ṣógúnlé ló wọn ìpìlẹ̀ ilé náà, òun ló dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ títí wọ́n fi kan páànù. Mọ́mì mi ní kó máa gbé bọ́ìsì kọ́tà lẹ́yìn ilé, nítorí eékún rẹ̀, kó má baà máa gun àtẹ̀gùn. Yàrá kan wà nísàlẹ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn kankan. Yàrá àlejò ni, títì pa ló sì wà, àlejò tí mo mọ̀ tó sùn níbẹ̀ rí ò ju mẹ́ta lọ. Bàbá dúró lójúde, báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ahun lọ́wọ́ kejì, ó wo fèrèsé yàrá yẹn pẹ́. "Ilé ahun ò gba ahun," ó ní, "ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun ò gba àlejò." Dádì rò pé ọ̀rọ̀ ahun ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín.

Mọ́mì ní ẹranko kankan ò ní wọ ilé òun, bọ́ìsì kọ́tà náà sì wà lára ilé. Ìta ni ahun máa sùn. Ajá àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa máa ń fo fẹ́ǹsì wọlé, òkété sì wà lẹ́yìn ilé tó tó ológbò. Bàbá ò bá a jiyàn. Ó ní kò burú, bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á kọ́ ilé alẹ́ fún un: kó máa rìn káàkiri lọ́sàn-án, kó wọlé tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀.

Èmi ni mo bá a ṣiṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ti dá wa dúró, mo ti kó ẹrù mi kúrò nínú yàrá tí mo rẹ́ǹtì, mo ti padà sábẹ́ òrùlé àwọn òbí mi lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àwa méjèèjì mọ bó ṣe ń rí tí wọ́n bá ń fojú wọn abọ́ oúnjẹ ẹni. Mo ń gbé búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù lẹ́yìn fẹ́ǹsì, òun jókòó sórí àpótí, ó ń pàṣẹ. Ó fi tépù wọn gígùn àti ìbú ẹ̀yìn Láńlọ́ọ̀dù bí ìgbà tí télọ̀ bá ń wọn oníbàárà, ó ní kí ẹnu ọ̀nà fi ìka méjì jù ú lọ, kó lè wọlé kí ajá má lè wọ̀. Ó ní kí ẹnu ọ̀nà kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí ìtànṣán àárọ̀ máa jí i. Ó jẹ́ kí páànù yọ síwájú dáadáa kí òjò má baà ta wọlé, ó sì dá ihò kékeré méjì sókè ògiri fún afẹ́fẹ́. Nígbà tó kan ilẹ̀, ó po sìmẹ́ǹtì, ó fi ọwọ́ ra ilẹ̀ náà títí ó fi ń dán. Láńlọ́ọ̀dù gbé ẹsẹ̀ lé e, ó yọ̀. A rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i, Ìyá mi, kò gbé irú ilé báyìí rí."

Òjò oṣù kẹfà bẹ̀rẹ̀, ahun ò jẹun mọ́. Bàbá já ẹ̀fọ́ yánrin fún un, kò wò ó. Ó gé ìbẹ́pẹ pọ́ńpọ́n, kò tọ́ ọ wò. Imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Lọ́jọ́ karùn-ún, bàbá kúnlẹ̀ níwájú ilé náà, òun tí eékún ò jẹ́ kó kírun nílẹ̀ mọ́, ó ti ọwọ́ bọ inú ilé náà títí dé èjìká. Kò gbé ọwọ́ náà jáde fún ìgbà díẹ̀. Ó pè mí.

"Ìyá mi, ẹ wá fọwọ́ kan ilẹ̀ yìí."

Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù, omi wà lójú ẹ̀. Mo gbójú sókè wo páànù, kò jò níbi kankan.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rò pé eékún ló ń dùn ún.

"Àmọ̀kẹ́ sọ ọ́ fún mi," ó ní. "Mo ní ó ń da omi sílẹ̀."

Ó ní kí n bá òun gbé òòlù àti ṣísù wá. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ilẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà, láti ìgbà tí a jẹun àárọ̀ tán títí wọ́n fi pe ìrun àyìlà. Kò jẹ́ kí n bá a fọwọ́ kàn án. Dádì jáde, ó ní, "Bàbá, ẹ fi eléyìí sílẹ̀ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n pe lébìrà. Kí làwọn èèyàn máa sọ tí wọ́n bá rí yín nílẹ̀?" Bàbá tún gbé òòlù lu ṣísù. Ó kó gbogbo àfọ́kù sìmẹ́ǹtì náà jáde, ó gbẹ́ ilẹ̀ wọlé díẹ̀, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó gbé pákó lé orí búlọ́ọ̀kù kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó da yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ sórí pákó, ó sì fi koríko gbígbẹ lé e. Ó ṣe ilẹ̀kùn pákó kan tó ń wọ́ sókè wọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta, Láńlọ́ọ̀dù jẹ yánrin. Bàbá ń fọ òòlù rẹ̀ nígbà tí mo lọ sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, n ò gbọ́ kó gbà pé òun ṣìṣe rí, àfi lọ́jọ́ náà. "Sìmẹ́ǹtì náà máa ń purọ́," ó ní. "Èmi ni ò bi í léèrè."

Láti ọjọ́ náà, kí oòrùn tó wọ̀, á mú ọ̀pá, á lọ síbẹ̀. Á ti ọwọ́ bọ inú ilé, á fọwọ́ tẹ ilẹ̀. "Ilẹ̀ gbẹ," á sọ fún ahun, bí ẹni pé ó bi í. Á wá ní bisimilaahi, á wọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀. Kò pa á jẹ rí. Kódà lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ gbóná, èmi ni mo dì í mú lọ. "Ẹni tó bá kọ́lé fún ẹ̀dá," ó ní, "kó máa yẹ ilẹ̀ ẹ̀ wò."

Àsàlátù ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ Sunday kan, ó kan ilé wa láti gba àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ Mọ́mì lálejò. Wọ́n jókòó lórí àga lójúde, funfun báláú, ààfáà ń ṣe wáàsí lọ́wọ́, Láńlọ́ọ̀dù rọra gba abẹ́ àga wọ inú wọn, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ Alhaja kan. Alhaja náà fò dìde. "Aùsùbílàhi! Ahun! Ahun wà níbí!" Bàbá tẹ̀lé ọ̀pá rẹ̀ jáde, ó gbé e. "Ẹ má bínú," ó ní. "Òun náà gbọ́ pé wáàsí wà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ò rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ ti délé padà: pé bàbá tó ń sin ahun, oògùn ló fi ń ṣe; pé bóyá ibẹ̀ ni ọlà ilé náà ti ń wá. Mọ́mì sunkún. Mo káàánú rẹ̀ lóòótọ́, nítorí pé bó ṣe bẹ̀rù ẹnu àwọn obìnrin yẹn tó, kò bẹ̀rù Ọlọ́run tó bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá bàbá ní bọ́ìsì kọ́tà. Ó ní kó yan ọ̀kan, ahun tàbí ilé òun. Bàbá ní, "Ìyàwó mi, ọ̀kan wo? Àwa méjèèjì la jọ wà níta."

Oṣù kan lẹ́yìn náà ló ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Kí wọ́n tó gbé e sínú mọ́tò, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyá mi, ẹ̀yin ni mo fi Láńlọ́ọ̀dù lé lọ́wọ́. Ẹ máa bá mi yẹ ilẹ̀ ẹ̀ wò." Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo yẹ̀ ẹ́ wò fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Mọ́mì pè mí sí kíṣínì. Ó gbé báàgì kan lé mi lọ́wọ́. "Yétúndé, bá mi gbé nǹkan yẹn kúrò kí bàbá tó dé. Àsàlátù tún máa kàn wá." Mo ní, "Mọ́mì, Bàbá á béèrè." Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ni ilé yìí ni?" Èmi kọ́. Ìdáhùn mi nìyẹn, n ò ní òmíràn. Bí mo bá ní yàrá kan níbikíbi, bóyá n ò bá tí ṣe é. Mo máa ń sọ èyí fún ara mi, kò sì tù mí nínú.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ lékuléja kan ní ọjà Òṣòdì, láàárín awọ ẹran àti orí ọ̀bọ gbígbẹ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ra ahun fún níbẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀. Ìyá náà fi ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́tí, gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe máa ń ṣe sí ògiri onílé. Ó ní ó ti gbó dáadáa. N ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé ìyẹn ló máa fọ̀ mí mọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìtọ́jú wo, ọmọ mi?"

Nígbà tí bàbá dé láti ọsibítù, Dádì ló sọ fún un. Ó ní ahun sá lọ. "Ó sá lọ," bàbá tún un sọ. Ó wo géètì, ó wo bó ṣe jìn sí ibi tí ó jókòó sí. Ó wá wo èmi. Mo ń wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní Ìyá mi mọ́. Yétúndé ló ń pè mí. Yétúndé, bá mi bu omi. Yétúndé, o ṣeun. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, ó ń jẹ́ kí n kúnlẹ̀.

Síbẹ̀, lójoojúmọ́, kí oòrùn tó wọ̀, ó ń mú ọ̀pá lọ sídìí ilé yẹn. Mo ń wò ó láti fèrèsé kíṣínì. Á ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, á fọwọ́ tẹ ilẹ̀, á wọ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀. Mọ́mì ní orí rẹ̀ ti ń dàrú. Orí rẹ̀ ò dàrú rárá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé oúnjẹ lọ fún un, ó ní kí n jókòó. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Mo fẹ́ kó bú mi.

"Yétúndé, ibi tó wà yẹn," ó ní, "ṣé ilẹ̀ gbẹ níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ilẹ̀ gbẹ níbẹ̀."

Ó mi orí. Ó fa abọ́ oúnjẹ mọ́ra, ó jẹun.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i tó fi kú, lówùúrọ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ní bọ́ìsì kọ́tà. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ṣí yàrá àlejò sílẹ̀ nígbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí kí àwọn èèyàn tó ń bọ̀ má baà rí ibi tó ń gbé. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, àwọn ọkùnrin gbé e lọ sí itẹ́ òkú kí ìrun alásàrí tó tó. Àwa obìnrin dúró sílé.

Dádì ló kọ́kọ́ padà dé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ bàtà. Ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé ojúgun, amọ̀ pupa lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbé omi wá fún un nínú báàfù, mo kúnlẹ̀, mo ń bá a fọ ẹsẹ̀.

"Dádì," mo ní, "ibi tí ẹ gbé Bàbá sí, ṣé ilẹ̀ gbẹ níbẹ̀?"

Ó wo omi tó wà nínú báàfù. Ó ti pupa.

"Ó gbẹ," ó ní. "Ilẹ̀ gbẹ níbẹ̀ dáadáa."